Odó kan, ọmọ odó mẹ́ta: bí jẹnẹrétọ̀ tíríì-fésì ṣe ń ṣiṣẹ́, àti bí ẹ ṣe lè lò ó kó pẹ́

Bí ìnáwó bá tóbi nílùú Iléṣà, ẹnì kan kì í dá iyán gún. Ẹni mẹ́ta ló máa yí odó kan ṣoṣo ká, oníkálukú pẹ̀lú ọmọ odó tirẹ̀. Bí ti ẹni àkọ́kọ́ bá balẹ̀ tó ń gòkè padà, ti ẹnì kejì ti ń bọ̀. Kí ti ẹnì kejì tó gòkè tán, ti ẹnì kẹta ti dé. Iṣu inú odó ò ráàyè mí. Ẹ ò sì ní gbọ́ kí ọmọ odó kan gbá èkejì, àfi bí ọ̀kan nínú wọn bá ti mu ẹmu yó.

Ohun tí mo máa ń sọ fún ọmọ iṣẹ́ mi nìyẹn lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ bi mí pé, "Ọ̀gá, kí ló dé tí jẹnẹrétọ̀ ńlá yìí fi ní wáyà mẹ́rin, tí kékeré ilé wa sì ní méjì péré?" Kékeré ilé wọn, ẹnì kan ló ń dá gún. Ńlá yìí, ẹni mẹ́ta ló wà nídìí odó kan. Ẹni tí èyí bá yé dáadáa ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà. Ìdajì tó kù ni bí a ṣe ń pín ẹrù fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́gbọọgba. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe láti Ọjà Àtàkúmọ̀sà títí dé ojú ọ̀nà Àkúrẹ́, mo sì lè sọ pé ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń pè mí sí, kì í ṣe pé ẹ̀rọ náà ò dáa. Àwọn tó ń lò ó ló di gbogbo ẹrù lé ẹnì kan lórí, tí wọ́n fi àwọn méjì yòókù sílẹ̀ kí wọ́n máa wòran.

Ohun tó wà nínú rẹ̀

Lọ́dún 1831, Michael Faraday fi hàn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé bí irin òòfà bá ń rìn kọjá lára wáyà bàbà, iná yóò jáde nínú wáyà náà. Gbogbo jẹnẹrétọ̀ tẹ́ ẹ bá rí, látorí èyí tí wọ́n ń fi okùn fà nílé títí dórí àwọn òmìrán tí omi ń yí ní Káínjì, ohun kan yẹn náà ni wọ́n ń ṣe.

Bí ẹ bá dúró ti jẹnẹrétọ̀ tíríì-fésì, ẹ̀rọ méjì lẹ̀ ń wò tí wọ́n so pọ̀. Ẹ́ńjìnnì ni ti iwájú, òun ló ń jẹ dísù, iṣẹ́ rẹ̀ ò sì ju kó máa yí ọ̀pá kan lọ. Ti ẹ̀yìn ló ń ṣe iná. Nínú ti ẹ̀yìn yìí, ohun tó ń yí láàárín la ń pè ní rótọ̀. Òòfà ni, ṣùgbọ́n òòfà tí iná ń sọ di òòfà. Ohun tó jókòó yí i ká tí kì í mira ni sítétọ̀. Ara sítétọ̀ yìí ni wọ́n ti gé ihò tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ sí, tí wọ́n sì tẹ́ kọ́ìlì bàbà sínú wọn.

Kọ́ìlì ọ̀nà mẹ́ta ló wà níbẹ̀, wọn ò sì tẹ́ wọn síbi kan náà. Iná tó ń jáde lára ọ̀kọ̀ọ̀kan la ń pè ní fésì; ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní tíríì-fésì, fésì mẹ́ta. Ẹ fojú inú wo rótọ̀ tó jẹ́ òòfà olórí méjì, tó ń yí po nínú agbo. Bí agbo náà bá jẹ́ 360 dìgírì, kọ́ìlì kejì fi 120 dìgírì jìnnà sí àkọ́kọ́, ẹ̀kẹta fi 120 jìnnà sí èkejì, ẹ̀kẹta yẹn náà sì fi 120 jìnnà sí àkọ́kọ́. Àwọn agúnyán mẹ́ta náà nìyẹn, tí wọ́n pín ẹ̀gbẹ́ odó dọ́gbadọ́gba. Bí òòfà bá ti ń kọjá, á fọwọ́ kan àkọ́kọ́, á kan èkejì, á kan ẹ̀kẹta, á tún bẹ̀rẹ̀.

Ta ló kọ́kọ́ dáná?

Ẹni tó bá ń ronú á bi mí pé: ṣé ẹ ní iná ló ń sọ rótọ̀ di òòfà, òòfà yìí kan náà lẹ tún ní ó ń mú iná jáde, èwo ló kọ́kọ́ wá? Ìbéèrè gidi ni.

Wọ́n máa ń kì wá pé Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, ilé lọmọ Ọwá ti ń múná roko. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni jẹnẹrétọ̀ rí. Kò ní ìṣáná. Ilé ló ti ń mú iná bọ̀. Irin inú rẹ̀ tó ti di òòfà lánàá kì í gbàgbé òòfà náà tán. Díẹ̀ a máa ṣẹ́ kù sára rẹ̀, bí ẹyin iná tí eérú bò mọ́lẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí, òòfà táṣẹ́rẹ́ yẹn á mú iná táṣẹ́rẹ́ jáde, fọ́ltì mélòó kan péré. Páálí kékeré kan tí à ń pè ní AVR á gba iná yìí, á sọ ọ́ di iná olójú kan bíi ti bátìrì, á sì fi ránṣẹ́ sí jẹnẹrétọ̀ kékeré kan tó fara pamọ́ sẹ́yìn ńlá náà. Ẹksáítà la ń pe kékeré yẹn. Òun náà á yí, á ṣe iná tirẹ̀. Dáyóòdù mẹ́fà tó ń bá ọ̀pá náà yí á tún iná yẹn sọ di olójú kan, á sì gbé e fún rótọ̀ ńlá. Òòfà á le sí i, iná á pọ̀ sí i, AVR náà á rí púpọ̀ sí i fi ránṣẹ́. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ẹyin iná ti di iná ńlá.

Bí iná bá ti pé ye, AVR ò ní sùn. Á máa wò ó: bó bá ti lọ sílẹ̀ nítorí pé ẹnì kan tan áyọ́ọ̀nù, á fi kún òòfà; bó bá ti ga, á dín in kù. Fọ́ltì ni iṣẹ́ AVR o. Eré ẹ́ńjìnnì kì í ṣe tirẹ̀; gọ́fánọ̀ ló ń ṣọ́ ìyẹn, tó ń bu dísù kún un tàbí tó ń dín in kù. Mo ti rí i tí àwọn èèyàn ń ra AVR mẹ́ta léraléra fún wàhálà tó jẹ́ ti asẹ́ dísù tó dí.

Eré rẹ̀ àti ìró odó

Àwọn jẹnẹrétọ̀ dísù tó pọ̀ jù lọ lágbègbè wa ń yí nígbà 1500 ní ìṣẹ́jú kan. Rótọ̀ tiwọn ní orí òòfà mẹ́rin, ìyẹn méjì-méjì lọ́nà méjì. 1500 ní ìṣẹ́jú kan jẹ́ 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, iná á lọ á bọ̀ nígbà méjì. 25 lọ́nà méjì jẹ́ 50. Ibi tí 50 Hz tí wọ́n ń kọ sára fíríísà àti fáànù ti wá nìyẹn. Bí eré bá lọ sílẹ̀ sí 1440, ẹ ti wà ní 48 Hz. Bó bá gòkè sí 1560, ó di 52. Àwọn tó ń yí nígbà 3000 ní orí òòfà méjì péré. Ariwo wọn pọ̀, ara wọn sì tètè máa ń gbó.

Níwọ̀n bí iná fésì kọ̀ọ̀kan ti ń lọ tó ń bọ̀ nígbà 50, lílọ-bíbọ̀ kan jẹ́ ìdá 1 nínú 50 ìṣẹ́jú àáyá. Fésì kejì fi ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́, ìyẹn ìdá 1 nínú 150. Ojú ò lè rí i, ṣùgbọ́n mọ́tò rí i: ìdí nìyẹn tí mọ́tò tíríì-fésì kì í fi í gbọ̀n, tí kì í sì í nílò kàpásítọ̀ kó tó dìde. Ẹ̀yìn ọ̀kan, òmíràn.

Ohun ìyanu kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn láti máa ṣírò. Míítà ń sọ 230 fọ́ltì, àmọ́ bí iná fésì kan bá gòkè dé téńté, 325 ló ń dé. Àwọ̀ wáyà la fi ń pe àwọn fésì náà: pupa, yẹ́lò, búlúù. Ní àsìkò tí fésì pupa bá wà ní téńté yẹn, yẹ́lò àti búlúù wà lódìkejì, oníkálukú ní 162.5. Ẹ ro méjèèjì pọ̀: 325. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára ti pupa: òfo. Ìgbàkígbà tẹ́ ẹ bá dá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró, òfo náà lẹ máa bá. Bí ẹrù bá dọ́gba lórí fésì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wáyà kẹrin, ìyẹn nútírà, kì í rí iṣẹ́ kankan ṣe. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà bá a níwájú.

Torí ìwà yìí ni wọ́n ṣe lè fi wáyà mẹ́ta péré gbé iná rìn jìnnà. Lọ́dún 1891, wọ́n gbé iná tíríì-fésì láti Lauffen dé Frankfurt ní Jámánì, ọ̀nà tó tó 175 kìlómítà. Láti ìgbà yẹn ni ayé ti gbà pé ọ̀nà náà nìyí, òun náà sì ni wọ́n fi ń gbé iná ìjọba wá sí Iléṣà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ wáyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn wọ́n

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ orí bátìrì tó ní àmì ìyọkúrò, kẹ́ ẹ tó ṣí àpótí ibi tí wáyà ti ń jáde. Ẹ óò bá U, V, W àti N níbẹ̀. Mẹ́ta àkọ́kọ́ ni fésì. N ni nútírà, ibi tí ìdí àwọn kọ́ìlì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé. Wáyà karùn-ún, aláwọ̀ ewé tó ní ìlà yẹ́lò, ti ilẹ̀ ni. Ara irin jẹnẹrétọ̀ ló ti ń lọ sí ọ̀pá tí wọ́n gbá mọ́lẹ̀. Ẹ má ṣe fò ó.

Àwọ̀ wáyà ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Àwọn ilé àtijọ́ ń lo pupa, yẹ́lò àti búlúù fún fésì, dúdú fún nútírà. Wáyà ìgbàlódé ń lo búráùn, dúdú àti eérú fún fésì, búlúù fún nútírà. Ẹ tún un kà. Búlúù tó jẹ́ fésì nílé bàbá yín ni nútírà nílé tí wọ́n kọ́ lánàá. Dúdú tó jẹ́ nútírà lọ́hùn-ún ti di fésì níbí. Bí wọ́n bá so ilé àtijọ́ mọ́ wáyà tuntun láìfi míítà wò, ikú ló ń dẹ̀bìtì. Èmi ò gba ẹnu àwọ̀ gbọ́ mọ́; míítà ni mo ń bi.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ tan án láìgbé ẹrù lé e

Ẹ wo ọ́ìlì, ẹ wo omi ràdíétọ̀ nígbà tó ṣì tutù, ẹ wo bóyá dísù ń jò. Ẹ rí i pé bréékà ńlá wà ní pípa. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, kẹ́ ẹ jẹ́ kó sáré lásán fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún kí ọ́ìlì lè dé gbogbo ibi tó yẹ kó dé. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ṣe gbọ́ ìró rẹ̀ báyìí, bréékà ti gòkè. Àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lórí ẹní, ṣé ẹ kàn ń di àpò sìmẹ́ńtì lé e lórí ni?

Lẹ́yìn náà, ẹ fi míítà wò ó. Láàárín fésì kọ̀ọ̀kan àti nútírà, 230 tàbí ohun tó sún mọ́ ọn lẹ máa rí, ẹ̀ẹ̀mẹta. Láàárín fésì kan àti fésì mìíràn, 400, ẹ̀ẹ̀mẹta. Kì í ṣe 460 bí àwọn ọmọ iṣẹ́ ṣe máa ń rò pé 230 lọ́nà méjì ni. Àwọn méjèèjì kì í dé téńté pọ̀, nítorí náà 230 lọ́nà 1.732 ni, èyí tó fún wa ní 398. Àwọn jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n sètò sí 240 á fún yín ní 415. Ìyẹn náà dára. Èyí tí kò dára ni kí ọ̀kan máa sọ 230, kí èkejì sọ 229, kí ẹ̀kẹta wá sọ 180. Kọ́ìlì kan ti ń kú lọ níbẹ̀ nìyẹn, ẹ pa á kẹ́ ẹ pe ẹni tó ń rìwáyà.

Eré náà ńkọ́? Bí gọ́fánọ̀ bá jẹ́ onírin àtijọ́, 52 Hz lẹ máa rí nígbà tí kò gbé ohunkóhun. Bẹ́ ẹ bá gbé ẹrù lé e, á sọ̀ kalẹ̀ sí 50. Ẹ má yí síkírúù kankan torí pé ẹ rí 52.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ mọ agbára olúkúlùkù

Wọ́n kọ 20 kVA sára jẹnẹrétọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń rò ni pé ẹnu-ọ̀nà kan ṣoṣo ni 20 yẹn ti ń jáde. Rárá o. Ẹni mẹ́ta ló pín in. Ẹ ṣe é báyìí: 20,000, ẹ fi 1.732 lọ́nà 400 pín in. Ìdáhùn rẹ̀ ò pé ámpíà 29 (ámpíà la fi ń wọn bí iná tó ń gba inú wáyà kọjá ṣe pọ̀ tó). Ohun tí fésì kan lè gbé nìyẹn, ẹyọ kan. Bí 30 kVA ni, ámpíà 43 ni fún fésì kọ̀ọ̀kan. Ẹ sì mọ̀ pé kVA kọ́ ni kìlówáàtì: lára ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ ẹ óò rí 0.8 tí wọ́n kọ síbẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé 20 kVA yẹn, kìlówáàtì 16 ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè fà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ pín ẹrù náà

Ibí ni mo ti fẹ́ sọ̀rọ̀ pẹ́, torí ibí ni owó ti ń ṣòfò.

Ìyá oníbúrẹ́dì kan wà tí mo máa ń bá ṣiṣẹ́. 20 kVA ló ní. Wọ́n ń ráhùn pé bréékà ń já lọ́sàn-án gbangba, ìyá náà sì ti fẹ́ lọ ra 30 kVA. Mo ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ wò ó." Mo mú kíláàmpù míítà, èyí tí à ń fi ẹnu rẹ̀ gbá wáyà mú láìgé e, mo fi gbá wọn mú lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun wà ní pípa. Pupa: ámpíà 34. Yẹ́lò: 9. Búlúù: 12. Mo gbá nútírà mú: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 24.

Ẹ ro fésì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀: 55. Jẹnẹrétọ̀ yẹn lè gbé tó 86. Kò rẹ̀ ẹ́ rárá. Ẹnì kan ló ń gún iyán gbogbo ìlú, àwọn méjì tó kù ń fi ọmọ odó ṣeré. Nútírà tí ì bá sì jókòó jẹ́ẹ́ wá di aláàárù, tó ń ru ohun tí kò dọ́gba padà lọ sílé.

Ohun tó fà á ò ju pé nígbà tí wọ́n ń fi kún ilé, wáyà tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà jù lọ ni oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń so nǹkan mọ́: ẹ̀rọ amúlétutù ọ́fíìsì, fíríísà, fíríísà kejì, iná ìta. Bí gbèsè Òṣómàáló ló rí. Ẹ rà á láwìn lónìí, kò sẹ́ni tó bá yín jà. Lọ́jọ́ kan yóò wá lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà yín títí ẹ ó fi san án.

Mo yọ àwọn fíríísà àti iná ìta, ámpíà 9, mo kó wọn sórí yẹ́lò. Mo gbé ẹ̀rọ amúlétutù kan, ámpíà 6, sórí búlúù. Pupa di 19, yẹ́lò 18, búlúù 18. Nútírà ò tó 2. Wọn ò ra 30 kVA mọ́.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe tiyín, ẹ kọ gbogbo ohun tó ń jẹ iná sílẹ̀ pẹ̀lú ámpíà wọn, ẹ pín àwọn tó wúwo kálẹ̀ kẹ́ ẹ tó pín àwọn fúyẹ́fúyẹ́, kẹ́ ẹ sì ro àsìkò tí wọ́n ń ṣiṣẹ́. Áyọ́ọ̀nù tó ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀ kò bá iná tó ń tàn lálẹ́ dọ́gba, bí ìwé tiẹ̀ sọ pé wọ́n dọ́gba. Ẹ fi kíláàmpù wò ó láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́.

Ọjọ́ tí nútírà já

Mo fẹ́ kí ìtàn ìyá oníbúrẹ́dì parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò parí síbẹ̀. Nígbà tí mo ń pín ẹrù náà, mo tú nọ́ọ̀tì orí N kí n lè wo lọ́ọ̀gì rẹ̀, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tó wà lẹ́nu wáyà tí nọ́ọ̀tì ń dì mọ́lẹ̀. Mo dá a padà, mo fi ọwọ́ dì í, mo ní mo ń lọ mú sípánà 17 nínú ọkọ̀. Òjò bẹ̀rẹ̀. Mo gbàgbé.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n pè mí lálẹ́. "Bàbá Wáyà, ẹ gbà wá o, iná ti ń ya wèrè!" Gílóòbù kan ń tàn bí oòrùn, òmíràn ń pọ́n bí ẹyìn. Fíríísà kan ti dún pó, ó sì ti ń rùn. Mo ní kí wọ́n pa á kí n tó dé. Mo ṣí àpótí náà: ìmìjìjì ẹ́ńjìnnì ti yí nọ́ọ̀tì tí mo fọwọ́ dì díẹ̀díẹ̀ títí tó fi yọ ṣísẹ̀. Lọ́ọ̀gì nútírà dúdú bí ìdí ìkòkò, rọ́bà wáyà rẹ̀ ti yọ́ sẹ́yìn tó ìwọ̀n ìka méjì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Bí nútírà bá wà, gílóòbù orí yẹ́lò ń rí 230 tirẹ̀, áyọ́ọ̀nù orí pupa ń rí 230 tirẹ̀. Bí nútírà bá já, àwọn méjèèjì á so mọ́ra wọn láàárín fésì méjì, 400 á sì wà lórí àwọn méjèèjì kí wọ́n pín in. Wọn ò ní pín in ire. Bí gílóòbù bá jẹ́ wáàtì 100, tí áyọ́ọ̀nù jẹ́ wáàtì 1000, gílóòbù á gba nǹkan bíi 364 fọ́ltì, áyọ́ọ̀nù á gba nǹkan bíi 36. Ẹni tó kéré jù ló ń jìyà jù. Bréékà ò ní já, torí ámpíà ò pọ̀. Fọ́ltì ló ń pa nǹkan.

Èmi ni mo ra kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fíríísà yẹn padà. Ìyá náà ò béèrè, ṣùgbọ́n èmi ni mo mọ ẹni tó gbàgbé sípánà.

Nítorí náà, ẹ má ṣe fi bréékà ẹlẹ́yọ kan sórí nútírà láéláé. Bẹ́ ẹ bá sì ń ra ṣéńjófà tó ń pààrọ̀ iná ìjọba sí ti jẹnẹrétọ̀, ẹ ra èyí tó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, tó ń yí fésì mẹ́ta àti nútírà pọ̀. Ẹni tó bá ń ti iná jẹnẹrétọ̀ wọ ilé láti inú sọ́kẹ́ẹ̀tì ń ránṣẹ́ ikú sí òṣìṣẹ́ iná tó wà lórí òpó níwájú ilé.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: mọ́tò ńlá

Mọ́tò tíríì-fésì ń gba ọ̀nà tí àwọn fésì bá gbà tẹ̀ léra. Bí ẹ bá pààrọ̀ wáyà méjì èyíkéyìí nínú mẹ́ta, á yí sẹ́yìn. Pọ́ǹpù kànga tí wọ́n so sódì á máa yí, á máa dún, omi tó ń gbé wá á sì kéré. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fa pọ́ǹpù gòkè láti ìsàlẹ̀ kànga, tí wọ́n lóun ló bàjẹ́, wáyà méjì péré ló ṣì pàdé. Ẹ rí i pé ọ̀nà kan náà ni iná ìjọba àti ti jẹnẹrétọ̀ ń gbà yí mọ́tò yín.

Ìbẹ̀rẹ̀ mọ́tò ni ìṣòro kejì. Mọ́tò họ́ọ̀sì páwà 10 ń jẹ nǹkan bí ámpíà 15 nígbà tó bá ń sáré. Bí wọ́n bá tan án lójijì, ó lè fà tó ìlọ́po mẹ́fà, ìyẹn 90. Fésì 20 kVA wa ò pé 29. Iná á ṣú, ẹ́ńjìnnì á kérora, èéfín dúdú á tú. Sítátà sítáà-dẹ́tà á dín 90 yẹn kù sí bí 30, àwọn sítátà ìgbàlódé tó ń mú un lọ pẹ̀lẹ́ tún sàn jù. Lọ́nà kọnà, mọ́tò tó tóbi jù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tan, nígbà tí kò tíì sí ohun mìíràn lórí jẹnẹrétọ̀.

Bó bá ń sáré tí kò mú iná wá

Ó wọ́pọ̀ lára jẹnẹrétọ̀ tó ti jókòó fún oṣù púpọ̀. Ẹ́ńjìnnì ń sáré dáadáa, míítà ń sọ fọ́ltì 3 tàbí 4, tàbí òfo. Ẹyin iná ti kú sínú eérú. A lè fi bátìrì dá a padà, ṣùgbọ́n ẹ tẹ̀ lé e bí mo ṣe kọ ọ́. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ yọ wáyà méjì tó ti ara AVR lọ sí ẹksáítà (lára ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti kọ F+ àti F-) kúrò lára AVR pátápátá, torí bátìrì lè sun ún. Ẹ fi bátìrì 12 fọ́ltì kàn wọ́n, ìrópọ̀ sí ìrópọ̀, ìyọkúrò sí ìyọkúrò, fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan péré. Ẹ yọ bátìrì, ẹ dá wáyà padà sára AVR, kẹ́ ẹ tó tan án. Bí kò bá gbà, dáyóòdù tàbí AVR ni kí ẹ wò.

Ìlò ojoojúmọ́

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì dísù máa sáré fún wákàtí púpọ̀ láìgbé ẹrù. Bó bá ń gbé ohun tí kò tó ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ lójoojúmọ́, dísù ò ní máa jó tán, ọ̀rá dúdú á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò lẹ́nu sàléńsà. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ náà tóbi jù fún yín ni. Ọ̀pọ̀ ìwé ẹ́ńjìnnì ń sọ pé kí a pààrọ̀ ọ́ìlì ní wákàtí 250. Bí tiyín bá sọ ohun mìíràn, tiyín ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Ìta ni kó wà, jìnnà sí fèrèsé yàrá tí èèyàn ń sùn, nítorí gáàsì inú èéfín rẹ̀ tó ń pani kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ pa á, ẹ kọ́kọ́ sọ bréékà kalẹ̀, kó sáré lásán fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún kó tutù, kẹ́ ẹ tó yí kọ́kọ́rọ́.

Lóṣooṣù, kí ẹ ṣí àpótí wáyà nígbà tí wọ́n ti pa á, tí bátìrì sì ti yọ. Ẹ di gbogbo nọ́ọ̀tì orí U, V, W àti N pẹ̀lú sípánà. Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ti ní ìgò pẹ́ńtì funfun kékeré kan nínú àpò iṣẹ́ mi. Bí mo bá ti di nọ́ọ̀tì tán, mo máa ń fa ìlà kan gba orí nọ́ọ̀tì kọjá sórí lọ́ọ̀gì. Bí mo bá padà wá tí ìlà náà ṣì gún, mo mọ̀ pé kò mira. Bó bá ti yà, nọ́ọ̀tì ti yí, màá nawọ́ sí sípánà. Ti N ni mo máa ń kọ́kọ́ wò.